Bí A Ṣe Ń Gba Fọlákẹ́mi Níyànjú

Ọjọ́ Ìsinmi, 15 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti fi mí jẹ olórí. Pásítọ̀ Ọláyọdé kò tilẹ̀ bi mí kó tó dárúkọ mi níwájú ìjọ. Ó ní láti òní títí di ìkórè, a ó máa lọ sílé àwọn ará tí ọkàn wọn ti rẹ̀, a ó máa gbà wọ́n níyànjú, Màmá Kẹ́misọ́lá ni yóò sì máa ṣáájú ẹgbẹ́ náà. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Kí ni mo lè ṣe? Mo dìde, mo tẹríba.

Bàbá Kẹ́mi, ọkọ mi, rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ó ní èmi tí mi ò lè ta ìgò epo kan láìbá oníbàárà jà, èmi ni wọ́n ní kí n lọ máa fi ẹnu dídùn tu ènìyàn nínú.  Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ ọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni Fọlákẹ́mi, ìyàwó Adétúnbọ̀. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọkọ rẹ̀ ṣáájú Àjíǹde, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń kọ áltò nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tó ti wọ Ìlá bí ìyàwó. Ohùn rẹ̀ ló ń gbé tèmi dúró. Bí kò bá sí níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mò ń gbé orin gbà. Mo fẹ́ kó padà wá. Mo fẹ́ ẹ ju ìkórè lọ.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Òjò dá ṣáájú agogo mẹ́rin, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́. A péjọ níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tẹ́júọlá, gbogbo wa nínú aṣọ ẹgbẹ́ funfun àti gèlè búlúù. Ìyá Tẹ́júọlá ló ń dá orin. Obìnrin yẹn ní ohùn tó lè jí òkúta. Láti ìkóríta la ti bẹ̀rẹ̀ orin pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ń tọ̀ wá lẹ́yìn, àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ìjọ wa kì í gbàgbé ọmọ rẹ̀.

Fọlákẹ́mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Adétúnbọ̀ ti jókòó sí pálọ̀, ó wọ bùbá tí wọ́n lọ̀ tó ń dán, ó dé fìlà, ìrọ̀rí wà ní ìhà òsì rẹ̀ kó má baà wó. Ta ni yóò rí i tí yóò sọ pé òun ló ń wa bọ́ọ̀sì Ìlá sí Òṣogbo tẹ́lẹ̀, tó ń fi ọwọ́ kan yí i bí ẹni ń ṣeré. A gbé ọwọ́ lé e, a gbàdúrà. Ìyá Tẹ́júọlá ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìwòsàn. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ: "Mo ti yá." A hó, a jó yí pálọ̀ ká.

Fọlákẹ́mi gbé ẹlẹ́rìndòdò tútù àti bísíkíìtì jáde. Ó tutù dáadáa, mo mu méjì.

Nígbà tí ó ń sìn wá sọ́nà, ó fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ mi yìí..." Mo tètè dá a dúró. Mo ní kó má fi ẹnu sọ ọ́, ohun téèyàn bá fẹnu sọ ló ń rí. Ó pa ẹnu dé. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí mo ṣe lónìí.

Ọjọ́ Ìsinmi, 22 Oṣù Kẹfà

Kò wá.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹfà

Òjò àná ti ba ọ̀nà Òkè-Ìlá jẹ́. Ọlọ́kadà kọ̀ láti gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó ní ọ̀kan lòun lè gbé, owó méjì lòun ó sì gbà. Kẹ́ẹ̀gì epo kan ti wọ ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà. Àwọn oníbàárà ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gun ọ̀pẹ lọ kọ iye lé e lórí.

Mo sọ fún Pásítọ̀ pé a ó padà sílé Fọlákẹ́mi lọ́la. Ó ní ká pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé ìfẹ́ kì í pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà

A pọ̀ lóòótọ́, débi pé àwọn kan dúró síta. Fọlákẹ́mi ti se ìrẹsì, adìẹ sì wà lórí rẹ̀. Mo ní kí ló dé tó ń ṣe wàhálà tó báyìí, ó ní ta ni òun ó wá ṣe wàhálà fún bí kì í bá ṣe àwa. A jẹ, a yó, a yìn ín. Agọ̀ adìẹ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ti ṣófo, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fì nínú atẹ́gùn.

Nígbà tí a gbé ọwọ́ lé Adétúnbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ìyá Tẹ́júọlá ní Ẹ̀mí ló bà lé e. Gbogbo ilé pariwo ògo. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo wà, mo sì rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù, ilẹ̀ abẹ́ àga náà sì tutù. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò níbẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé Ẹ̀mí ló bà lé e ni, àbí ojú ló ń tì í? Ó rú mi lójú. Àmín tí mo ṣe kò dún dé ibì kan.

Ọjọ́ Ìsinmi, 29 Oṣù Kẹfà

Kò tún wá. Pásítọ̀ bi mí, mo ní ó ń bọ̀. Kí ni mo mọ̀? Èèyàn tó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, tó rẹ́rìn-ín, tó se adìẹ, kí ló ń dì í lọ́wọ́ láti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì fún wákàtí méjì?

Mo kọ áltò lónìí, mo ṣìnà, mo bọ́ sínú sópránò. Olùkọ́ orin wò mí.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Mo ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Orí ń fọ́ mi, mo sì bá ọmọbìnrin tó wá ra epo jà lórí ìgò tí kò mọ́. Bàbá Kẹ́mi ní bóyá kí n jẹun kí n lè máa hùwà Kristẹni.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Ilẹ̀kùn tì. Jàmíátù, ẹ̀gbọ́n Adétúnbọ̀ obìnrin, ló jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n òun kò kúrò nínú Ìsìláàmù nígbà tí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé ìyàwó wá sí ìjọ wa. Ó kí wa dáadáa. Ó ní Fọlákẹ́mi lọ sóko ní Ire, pé aláìsàn ń sùn. Ó wo aṣọ ẹgbẹ́ wa láti gèlè dé bàtà, ó fi ojú kà wá, ó sì padà sórí ẹ̀gúsí rẹ̀.

A kọrin níwájú ilẹ̀kùn tó tì, a sì gbàdúrà sí i. Bí a ti ń lọ, mo wẹ̀yìn. Èéfín ń jáde láti ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́. Mo mọ ikọ́ Fọlákẹ́mi. A ti jọ wúkọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún pípẹ́.

Ó sá fún wa. Kí la ṣe fún un? Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí ó ń bí mi sí.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Ìyá Tẹ́júọlá wá bá mi nídìí epo, kò ra nǹkan kan, ó ní kí n jókòó. Ó ní wọ́n rí Fọlákẹ́mi ní àsàlátù àwọn obìnrin Mùsùlùmí lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí àwa wà nínú ìsìn. Ó bo orí, ó jókòó ti Jàmíátù. Ẹni tó rí i kì í purọ́.

Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ báyìí. Kì í ṣe pé mo ní ìjà pẹ̀lú Mùsùlùmí, ìdajì ìdílé ọkọ mi ló ń kírun. Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́mi? Ẹni tó máa ń sunkún bí a bá ń kọ orin Ọjọ́ Ẹtì Rere? A lọ gbà á níyànjú, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Mi ò lè jẹun alẹ́.

Bàbá Kẹ́mi bi mí bóyá a ti bi obìnrin náà léèrè. Mo ní kí la fẹ́ bi í. Ó ní, "Ohun tó ń ṣe é." Mo ní a mọ ohun tó ń ṣe é, ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, gbogbo Ìlá ló mọ̀. Ó ní ó dáa, ó yí ojú sí ògiri, ó sùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 13 Oṣù Keje

Pásítọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Tẹ́júọlá ti sọ fún un. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á dárúkọ Fọlákẹ́mi níwájú ìjọ kí gbogbo wa lè jọ gbàdúrà fún ẹni tó ń ṣáko lọ. Ọmọ dáadáa ni Pásítọ̀ yìí, ó kéré sí ọmọ mi, ó sì fẹ́ràn ìjọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láàyè díẹ̀ sí i. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe.  Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ ṣáá.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi pè láti Ìbàdàn. Ó ní ohùn mi ti rẹ̀. Mo ní epo ló wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje

Jàmíátù ló wá ra epo lónìí. Mo wọn epo náà fún un, mi ò sì lè pa ẹnu mọ́. Mo bi í ohun tó gbé ìyàwó àbúrò rẹ̀ dé àsàlátù.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àga onítáyà ló gbé e débẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ní ọ̀kan tí wọ́n máa ń yá ẹni tí kò lè rìn, òun ló sì mú un lọ kó fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ó bo orí nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń bo orí ló lọ. Wọ́n ti gbé àga náà fún un. Mo bi í ìdí tí Fọlákẹ́mi kò fi sọ fún àwa pé òun nílò àga. Jàmíátù dé ìgò epo rẹ̀ dáadáa kó tó dá mi lóhùn.

"Ìgbà wo ni yóò sọ ọ́? Ṣé ìgbà tí ẹ ń kọrin ni, àbí ìgbà tí ẹ ń jẹun?"

Mo ní kó rọra. Ó ní òun ń rọra. Ó wá jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó sì là á fún mi. Ọjọ́ tí a bá ń bọ̀, láti ìdájí ni òun àti Fọlákẹ́mi ti máa ń wẹ Adétúnbọ̀, wọ́n á lọ aṣọ, wọ́n á gbé e láti yàrá dé pálọ̀, wọ́n á fi ìrọ̀rí tì í, kó má baà dà bí aláìsàn lójú wa. Adìẹ tí a jẹ, òun ni Fọlákẹ́mi ń tọ́jú ẹyin rẹ̀ fún ọkọ. Nígbà tí a bá lọ tán, ọkùnrin náà á sunkún títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí a mú un purọ́ níwájú gbogbo ènìyàn pé ara òun ti yá.

Ó ní, "Ìyá Kẹ́misọ́lá, ẹ kì í ṣe àjèjì nílùú yìí. Ẹni tó bá gba iwájú wọlé, àlejò ni. Onílé ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnu àlejò gbẹ. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé, iṣẹ́ ló máa bá níbẹ̀. Ọ̀nà wo lẹ̀yin ń gbà?"

Mo bínú. Mo ní ta ló ní kí ó se adìẹ. Ó ní kí n fọwọ́ kan àyà mi: bí a bá débẹ̀ tí a ò rí omi mu, irú ọ̀rọ̀ wo la ó máa sọ nípa wọn lójú ọ̀nà?  Mo fi epo díẹ̀ ṣe ènì fún un, ó dúpẹ́, ó lọ.

Mò ń bínú síbẹ̀. Mi ò mọ bóyá òun ni mò ń bínú sí.

Ọjọ́ Ìsinmi, 20 Oṣù Keje

Mi ò sọ fún Pásítọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìgbaniníyànjú wa ló ń pa obìnrin náà? Òun náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Mo lọ. Èmi nìkan, nínú ìró tí mo fi ń ta epo. Mo gba ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, mo la inú pákí kọjá, ẹrẹ̀ gba bàtà mi lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí olè ni mo ṣe yọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Fọlákẹ́mi wà nídìí bẹ́ẹ̀sìn, ó ń fọ aṣọ ibùsùn. Bó ti rí mi, ó dìde pẹ̀lú ìpayà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí iwájú, ẹ jẹ́ n gbé àga." Ó ti ń wo ibi àdògán bí ẹni pé oúnjẹ lè hù níbẹ̀.  Mo kàn tẹ̀ síwájú, mo gbá etí aṣọ náà kan mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fún un. Ó dúró. Nígbà tó yá, ó gbá etí kejì mú.

Aṣọ náà pọ̀. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. A fọ̀, a ṣan, a fún, a sá. Òjò ń kù lókè ṣùgbọ́n kò rọ̀. Mo ti múra ẹsẹ Bíbélì mélòó kan sílẹ̀ láti ilé, mo sì ń dúró de ibi tí mo lè fi wọ́n sí. Ibẹ̀ kò yọ.

Ó ń wo inú omi ọṣẹ nígbà tó sọ ọ́. "Mo fẹ́ kó kú, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ṣì ń fún aṣọ ọwọ́ mi.

Ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mo ní láti máa yí i lóru kí ara rẹ̀ má baà bó. Bí mo bá ti ń yí i, mo máa ń sọ fún Ọlọ́run pé kó mú un lọ. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ̀yin á wá, ẹ ó ní ó ti yá, èmi náà á ní àmín. Ta ni mò ń purọ́ fún?"

Èmi ni wọ́n fi jẹ olórí. Mo fẹ́ ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ dà bí bísíkíìtì lẹ́nu mi. Mo mú aṣọ tó kù, mo ṣan án. Adétúnbọ̀ pè é láti inú ilé, ó sáré wọlé, mo sì sá aṣọ náà tán kí n tó lọ.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

Ọ̀rọ̀ yìí tojú sú mi. Obìnrin kan sọ níwájú mi pé òun fẹ́ kí ọkọ òun kú, mi ò bá a wí, mi ò gbàdúrà, mi ò ka ẹsẹ kan. Ṣé mo ṣẹ̀ ni? Bí Pásítọ̀ bá bi mí, kí ni mo fẹ́ ní mo ṣe níbẹ̀? Pé mo fọ aṣọ? Ẹ̀yìn ń dùn mí, ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Mo tún lọ. Mo mú èlùbọ́ dání, mo sì fi ro ọkà fún wọn. Wọ́n gbé Adétúnbọ̀ sórí àga onítáyà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kó lè rí atẹ́gùn. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya, irùngbọ̀n ti kún un. Ó wò mí pẹ́.

Ó ní, "Ẹ ò wọ aṣọ ẹgbẹ́ lónìí."

Mo ní ó wà lórí okùn. Ìhà ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò yá o." Mo ní mo rí i. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ọkà wá. Ó jẹun dáadáa. Fọlákẹ́mi kò jókòó tì mí, ó ti lọ pọn omi. Kò sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Keje

Wàhálà dé. Ìyá Tẹ́júọlá sọ lójú mi, níwájú Pásítọ̀, pé ẹgbẹ́ ò tíì jáde láti ìgbà tí a ti bá ilẹ̀kùn títì, àti pé èmi ń dá lọ ní kọ̀rọ̀ kí n lè dá gba ògo. Mo ní ògo wo ló wà nínú aṣọ tí a tọ̀ sí. Ó ní aṣọ wo. Pásítọ̀ ní ká fara balẹ̀. Mo gbìyànjú láti là á yé wọn, iwájú, ẹ̀yìn, adìẹ, àga. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni kò yé èmi fúnra mi mọ́. Pásítọ̀ ní ṣé mo wá ń sọ pé kí ìjọ má máa bẹ ẹni tó ń ṣàìsàn wò mọ́ ni? Mo ní rárá. Ó ní kí wá ni mò ń sọ? Mo ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 3 Oṣù Kẹjọ

Fọlákẹ́mi wá.

Ìwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tó wọlé, nínú àǹkàrá tó ti ṣá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìwo ẹnikẹ́ni. Ìjọ gbàgbé ìwàásù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, Ìyá Tẹ́júọlá fò sókè. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ayọ̀ bo ojú rẹ̀, ó gbé máìkì fún un, ó ní kó wá sọ ohun tí Olúwa ṣe. Mo fẹ́ di ìró rẹ̀ mú. Mi ò ṣe é. Ó dìde.

Ó gbá máìkì náà mú bí ẹni gbá ọmọ ọlọ́mọ mú. Ó ní, "Ọkọ mi ò yá. Ó ń burú sí i."  Ẹnìkan lẹ́yìn ti fẹ́ ní halelúyà, ó gbé e mì. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún. Ó ní, "Mo wá nítorí pé ó wù mí kí n wá. Mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbà yín lálejò mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ìyá Tẹ́júọlá dá orin, kò sẹ́ni tó gbè é. Ó dákẹ́. Pásítọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó bi í, kì í ṣe sínú máìkì, ohun tó fẹ́ ká ṣe. Fọlákẹ́mi ní òun ò mọ̀. Ó dá máìkì padà, ó sì padà wá jókòó.  Mo fi ọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀.

Nínú orin ìparí, ó gbé ìwé orin dání ṣùgbọ́n kò kọ ọ́. Mo dá áltò kọ, mo ṣìnà.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Àwọn kan ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ó dójú ti ìjọ níwájú àwọn àlejò tó wá láti Ìgbájọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń ra epo, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Mi ò mọ̀ bóyá a ti jèrè rẹ̀ ni àbí a ti pàdánù rẹ̀ pátápátá.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Pásítọ̀ wá. Kò ra epo. Ó dúró síbi tí oòrùn ti ń pa á, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá ní, "Màmá, ibo lẹ máa ń gbà wọ ilé yẹn?" Mo júwe rẹ̀ fún un: ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, inú pákí. Mo ní kó má wọ bàtà tó fẹ́ràn. Ó ní ó dáa. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ

Òjò ò rọ̀ lónìí, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Mo dé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú iṣu tuntun mẹ́ta, mo sì rò pé mo ṣìnà. Ìyá Tẹ́júọlá wà níbẹ̀, ó fi gèlè gba ìdí, ó ń ha ìdí ìkòkò. Ojú rẹ̀ le. Bó ti rí mi, ó ní Pásítọ̀ ló pe òun, kí n má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Mo gbé iṣu mi kalẹ̀. Ibẹ̀ kò fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè dúró kọrin, àfi kó tẹ bẹ́ẹ̀sìn mọ́lẹ̀.

Nínú yàrá, Pásítọ̀ Ọláyọdé ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń fá irùngbọ̀n Adétúnbọ̀. Ó ti gé e níbì kan. Adétúnbọ̀ ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú, ọ̀rọ̀ náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, Pásítọ̀ ń ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà. Jàmíátù jókòó sórí ibùsùn, ó di orí àbúrò rẹ̀ mú, ó ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni tí kò tíì gbà á gbọ́.

Mo béèrè Fọlákẹ́mi. Ìyá Tẹ́júọlá fi ẹnu nà án sí mi. Orí ẹní ló wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ọ̀nà gan-an, ní ọ̀sán gangan. Ẹnu rẹ̀ là, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà jáde, gèlè ti tú kúrò lórí rẹ̀. Ó ń hanrun. A ní láti máa tẹ ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí a ti ń gbé omi wọlé. Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ka Bíbélì. Bí ẹnìkan bá gbàdúrà, inú rẹ̀ ló ti gbà á. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fi mí jẹ olórí rẹ̀ nìyí. Bí Pásítọ̀ bá ní kí n ròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò ní mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

A se iṣu náà, a bò ó. A sá aṣọ tán. Lẹ́yìn náà a gba inú pákí padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọlákẹ́mi ò mọ ìgbà tí a lọ. Kò sìn wá sọ́nà.